Kí Oníwàásù Tó Sọ Tirẹ̀: Bíbélì àti Ọdún Ìjọ ní Àríwá Èkìtì

 

Ẹ̀yin kátíkíìsì àti òǹkàwé ìjọ láti Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti gbogbo abúlé oko tó yí wa ká, iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń túmọ̀ ẹsẹ Bíbélì fún ìwàásù, láti Àdífẹ́ǹtì títí ọdún ìjọ yóò fi yí po. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lọ sílé: ẹ̀kọ́ tí a yàn fún ọjọ́ ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí oníwàásù tó sọ tirẹ̀. Ibi tó dùn wá jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba wa lọ́nà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Wọ́n yìnbọn pa Onímòjò ti Ìmòjò-Èkìtì àti Elésùn ti Èsùn-Èkìtì. Orí ló kó ọba kẹta yọ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Emùré pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Gbogbo Èkìtì mì tìtì. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́ ni Ìmòjò wà, ti Ìkọ̀lé ni Èsùn wà. Kì í ṣe ìròyìn ọ̀nà jíjìn ni fún wa. Ilé wa ni ọ̀fọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e jẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kejì. Nínú ètò kíkà Ìjọ Àgùdà, Ọjọ́ Ìsinmi karùn-ún láàárín ọdún ni, ní Ọdún B, tí n ó ṣàlàyé níwájú. Kò sí ẹni tó yan ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Láti 1969 ni a ti gbé ètò náà kalẹ̀, lẹ́yìn Ìgbìmọ̀ Fatikánì Kejì. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí òǹkàwé máa ṣí sí láàárọ̀ ọjọ́ náà: ìwé Jóòbù, orí 7. Jóòbù ní ayé ọmọ ènìyàn dà bí iṣẹ́ ológun, ó dà bí ti alágbàṣe tí ń retí owó iṣẹ́ rẹ̀, àti bí ti ẹrú tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ibòòji. Òru gùn fún un, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ń yára lọ, bí igi kékeré tí ahunṣọ ń jù síwá sẹ́yìn láàárín òwú. Ojú òun, ó ní, kò ní rí ire mọ́. Ibẹ̀ ni kíkà náà parí sí. Kò sí ìtùnú kankan ní ìparí rẹ̀.

Kí ni oníwàásù máa fi èyí ṣe? Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni kí a sáré gba orí 42 lọ, níbi tí Ọlọ́run ti fún Jóòbù ní ìlọ́po méjì ohun tó pàdánù, kí a sì kéde ìlọ́po méjì fún gbogbo ìjọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣètò kíkà náà mọ̀ pé orí 42 wà. Wọ́n dúró sí orí 7 kí ẹni tí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ Ajé lè gbọ́ nínú ilé Ọlọ́run pé irú òun ti wà nínú Ìwé Mímọ́, àti pé ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Ọlọ́run kò dẹ́ṣẹ̀. A kì í sọ fún ọlọ́fọ̀ pé kó pa ẹnu mọ́ kó lè gba ìbùkún.

Ìyìn Rere ọjọ́ náà ni Máàkù 1, ẹsẹ 29 sí 39. Jésù wọ ilé Símónì, ó di ọwọ́ ìyá ìyàwó Símónì mú, ibà sì fi obìnrin náà sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, gbogbo ìlú péjọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn aláìsàn wọn. Ará Ìdó, tó ń rí èrò lójoojúmọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ máa kà á lọ, ẹ má dúró síbi ìwòsàn. Ní ìdájí, Jésù dìde, ó lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn, ó ń gbàdúrà. Símónì wá a kàn, ó ní gbogbo ènìyàn ń wá a. Jésù ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn kan ṣì ń wá a nígbà tó lọ! Ẹsẹ yẹn nira, àwọn oníwàásù sì fẹ́ràn láti fò ó. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ẹni tí kò tíì rí ìdáhùn àdúrà rẹ̀ máa gbọ́ jùlọ. Ẹ kà á fún un, ẹ gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé ó nira, kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn kan náà ni wọ́n tú àwọn ọmọ Emùré àti olùkọ́ wọn sílẹ̀. Awakọ̀ wọn kò bá wọn padà. Wọ́n ti pa á. Ìdùnnú àti ẹkún wọ ṣọ́ọ̀ṣì papọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jóòbù àti Máàkù sì ti wà nílẹ̀ de àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì káàkiri ayé ń lo ètò kíkà àjùmọ̀lò tí a tẹ̀ jáde ní 1992. Máàkù kan náà ni tiwọn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Aísáyà 40, láti ẹsẹ 21, ló dípò Jóòbù. Gbogbo wa la mọ ìparí orí náà, níbi tí àwọn tó dúró de Olúwa ti ń fi ìyẹ́ fò bí idì. Ẹ wá wo ẹsẹ 23. Ibẹ̀ ni wòlíì ti sọ pé Ọlọ́run ń sọ àwọn ọmọ aládé di asán. Ẹ rò ó wò! Nínú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pa ọba méjì nínú ilẹ̀ wa, kí oníwàásù kan tí kò múra sílẹ̀ dìde ka ẹsẹ yẹn, kó sì máa ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń sọ ìdí tí ikú fi pa wọ́n. Ìkà gbáà ni ìwàásù yẹn máa jẹ́, ẹ̀tàn ni pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì ni Aísáyà ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn alágbára tó kó wọn lẹ́rú ló ní Ọlọ́run máa fẹ́ dànù bí ìyàngbò. Nínú ọ̀ràn tiwa, ipò ta ni àwọn agbébọn wà nínú ẹsẹ yẹn, ipò ta sì ni àwọn tí wọ́n pa? Ẹni tó bá béèrè ìbéèrè yìí nínú yàrá rẹ̀ kò ní ṣi ẹsẹ náà lò lórí àga ìwàásù.

Ohun kejì tó tún máa ń ṣẹlẹ̀ nírú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé a máa ń pa ètò kíkà tì pátápátá, a ó ṣí Orin Dáfídì 109, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀tá gégùn-ún. N kò ní kí a má ka Orin Dáfídì 109. Àdúrà ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ni, ó ń gbé ẹ̀san lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ó má baà gbé e lé ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníwàásù bá ń pariwo ọ̀tá láìsọ ẹni tí ọ̀tá náà jẹ́, olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan ló máa fi orúkọ tirẹ̀ sí i: àlejò tó ń dáko ní abúlé oko wa, ìyá àgbà tí kò bímọ, ìyàwó tí ìdílé kò fẹ́. Ẹ̀mí ènìyàn wà lẹ́nu wa, ẹ̀yin ará.

Fún ẹ̀yin tí ìjọ yín kò ní ètò kíkà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tàwọn tó ní i ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ló ń yí po. Mátíù ló ni Ọdún A, Máàkù ló ni Ọdún B, Lúùkù ló ni Ọdún C. Jòhánù ń wọlé ní Lẹ́ǹtì, ní ìgbà Àjíǹde, àti fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàárín Ọdún B. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọdún tí a wà, ẹ pín ọdún náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí kò bá ṣẹ́kù, Ọdún C ni. Bẹ́ẹ̀ ni 2025 ṣe jẹ́ Ọdún C, tí Àdífẹ́ǹtì rẹ̀ sì ṣí ìlẹ̀kùn Ọdún A fún 2026. Ìwé Àdúrà àtijọ́ ti Áńgílíkà, ti 1662, kò rí bẹ́ẹ̀: kíkà kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún, pẹ̀lú kólẹ́ẹ̀tì, àdúrà kúkúrú ọjọ́ náà, tó bá a mu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èrè tirẹ̀. Èrè tí àwọn méjèèjì jọ ní ni pé wọ́n ń gba ìjọ lọ́wọ́ oníwàásù. Gbogbo wa la ní ẹsẹ mẹ́fà tàbí méje tí a fẹ́ràn, bí wọ́n bá sì fi wá sílẹ̀, orí wọn la ó wà títí a ó fi fẹ̀yìn tì.

Ó ku bí kíkà wọ̀nyí ṣe ń bá ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa pàdé, ibẹ̀ sì ni mo ti gbà pé àwa ará àríwá Èkìtì ní ohun tí àwọn tó kọ ìwé àlàyé ní ìlú òyìnbó kò ní. Ẹ mú òwe afúnrúgbìn. Nínú Ìwé Àdúrà, Lúùkù 8 ló gbé e wá, ní ọ̀sẹ̀ kejì ṣáájú Lẹ́ǹtì, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣì gbóná, tí a ń ṣán oko, tí a ń dáná sun pàǹtí, tí ẹlòmíràn sì ti ń kọ ebè. Nínú ètò ọdún mẹ́ta, Mátíù 13 ló gbé e wá, láàárín oṣù Keje Ọdún A, nígbà tí àgbàdo tútù kún ọjà, tí iṣu tuntun sì ti ń yọjú. Òwe kan náà ni, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì, ẹni tí kò tíì gbin nǹkan kan ló ń gbọ́ ọ, ìbéèrè ọkàn rẹ̀ sì ni bóyá òjò á rọ̀. Ní oṣù Keje, ẹni tó ti mọ èyí tó hù àti èyí tó kú nínú oko rẹ̀ ló jókòó níwájú yín. Ìwàásù kan náà kò lè bá àwọn méjèèjì mu.

Ẹ jẹ́ kí á tún wọ inú oko náà díẹ̀. Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé tó ń fi ọwọ́ gbin àgbàdo wóró wóró máa ya ẹnu pé báwo ni àgbẹ̀ kan ṣe máa da irúgbìn sójú ọ̀nà. Ẹ sọ fún un pé àlìkámà ni wọ́n ń gbìn ní Gálílì, fífọ́n ni wọ́n sì ń fọ́n ọn, ẹsẹ̀ ọ̀nà a sì máa la àárín oko kọjá. Ilẹ̀ orí àpáta ńkọ́? Àlàyé kò sí lọ́wọ́ yín ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, nítorí àpáta pọ̀ nílẹ̀ Èkìtì, ó sì ti gbin nǹkan sórí ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo àpáta mọ́lẹ̀ rí: ó yára hù ju ti ibòmíràn lọ, ó sì yára rọ. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún ìjọ. Ibi tí òun náà ti máa nílò yín ni ìparí òwe náà, níbi tí irúgbìn ti so ọgọ́rùn-ún. Lójú ẹni tó ń gbin àgbàdo, ọgọ́rùn-ún kò tó nǹkan. Wóró inú ṣírí kan ṣoṣo lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn tó ń gbọ́ Jésù létí òkun, àlìkámà ni wọ́n mọ̀, bí wóró kan bá sì so bíi mẹ́wàá padà, ọdún náà dára. Ọgọ́rùn-ún ni ohun tí Jẹ́nẹ́sísì 26 sọ pé Ísáákì kó ní Gérárì, ọdún tí ìyàn mú, tí Olúwa sì bùkún un. Oníwàásù tí kò bá ṣàlàyé èyí ti pàdánù ìyanu inú òwe náà, ìjọ yóò sì gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ìkórè tí kò jọ wọ́n lójú.

Ẹ tún wo ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní. Ìṣọ́ òru ọdún tuntun ti gba gbogbo ìjọ wa, ohun tí ẹ ó sì gbọ́ ní púpọ̀ nínú wọn ni àsọtẹ́lẹ̀ ọdún, tí wọ́n so mọ́ Jeremáyà 29, ẹsẹ 11. Lẹ́tà ni orí yẹn, wọ́n kọ ọ́ sí àwọn tó wà nígbèkùn ní Bábílónì, pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú àjèjì tí wọ́n wà, nítorí ó di lẹ́yìn àádọ́rin ọdún kí ìlérí náà tó ṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba lẹ́tà náà kò ní fojú rí i. Bí a bá kà á délẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Kánádà ni. Bí a bá já ẹsẹ kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, owó àti mọ́tò ọdún yìí ló máa dà.

Ohun tí a yàn fún ọjọ́ náà gan-an wà ní Lúùkù 2. Ó parí sí ẹsẹ 21, níbi tí a ti sọ ọmọ Màríà lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá! Ìran wo ló tún yẹ kó gbọ́ ẹsẹ yìí jù wá lọ? Nígbà àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo wa. A mọ ohun tí orúkọ jẹ́, a mọ̀ pé ìdílé ló ń péjọ síbẹ̀, a mọ̀ pé ọmọ tí a sọ lórúkọ ti di ọmọ ènìyàn kan. Oníwàásù tó bá bẹ̀rẹ̀ ọdún láti ibi ìsọmọlórúkọ Jésù kò ní ṣàìrí ohun sọ fún tọmọdé tàgbà.

A ní ẹni tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1844, ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n fi í joyè àlùfáà, Samuel Àjàyí Crowther dúró ní Freetown, ó wàásù ní èdè Yorùbá fún àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bí wọ́n ṣe gba òun náà. Ọdún Ìfihàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè ṣí Ẹ́kísódù, kó sì bá àwọn tó jáde lóko ẹrú yọ̀. Lúùkù 1, ẹsẹ 35 ló mú, ọ̀rọ̀ tí áńgẹ́lì sọ fún Màríà nípa ọmọ mímọ́ tí yóò bí: ọ̀rọ̀ tó bá ìgbà ọdún náà mu. Wọ́n sì ń dáhùn pé kí ó ṣẹ. Ọmọ Ìkọ̀lé wa, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ jùlọ kí ìtàn Crowther àti ti àwọn ìjọ ajíhìnrere má baà parun; ìwé rẹ̀ lórí wọn jáde ní 1965. Odindi Bíbélì Yorùbá di títẹ̀ ní 1884. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àdéhùn àlàáfíà fòpin sí ogun Kírìjì, tí àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lọ, tí wọ́n ti di onígbàgbọ́ lẹ́yìn odi, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ìwé náà ló dé pẹ̀lú wọn.

Lórí ìkórè, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá ka Diutarónómì 26 nítorí apẹ̀rẹ̀ àkọ́so tí ó wà níbẹ̀, ẹ kà á dé ẹsẹ 11, níbi tí ọmọ Léfì àti àlejò ti bá onílé jẹ nínú ire náà. Ìkórè tí tálákà ìjọ lọ sílé láìjẹ kò bá ẹsẹ yẹn mu.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni àlùfáà yín ń bójú tó ìjọ bíi mélòó kan, tí iṣẹ́ ìwàásù sì já lé yín léjìká pẹ̀lú iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ olùkọ́. Àkókò kò sí. Nítorí náà, ẹ má dúró di alẹ́ Àbámẹ́ta. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ ka gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ sókè ní Yorùbá, kí ọmọ tàbí ìyàwó gbọ́ ọ. Ẹ ka ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e. Ẹ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, àti ibi tí wọ́n wà. Ibi tí ó bá le, ẹ má fò ó. Ibẹ̀ ni ìwàásù wà nígbà púpọ̀. Ẹ bi àgbẹ̀ léèrè, ẹ bi nọ́ọ̀sì, ẹ bi ìyá tó mọ aṣọ hun. Ẹ̀yin tí ìjọ yín kò ní ètò kíkà, ẹ mú ìwé Máàkù, kí ẹ wàásù rẹ̀ láti orí 1 dé orí 16 láìfò ibì kankan, ẹ ó rí i pé ó máa mú yín dé ibi tí ẹ kò ní yàn fúnra yín.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo sì fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi kí n tó jókòó ni èyí: kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ ẹ̀kọ́ kíkà ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ sára pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú orí àti ẹsẹ, kí àwọn ènìyàn lè kà á nílé kí wọ́n tó wá. Ìjọ tó ti ka ẹ̀kọ́ náà ṣáájú máa mọ̀ bí oníwàásù bá fò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.